Ẹsẹ̀ Tábìlì àti Fóònù Tó Mọ Àṣírí Pa Mọ́

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa tí a wà nílé ń bẹ láàyè, a dúpẹ́, orúnkún ìyá rẹ nìkan ló ń ya ọ̀lẹ bí òtútù bá ti mú. Ibi tí o bá kọjú sí, ọ̀nà á là fún ọ o. Lẹ́tà ni mo kọ dípò kí n pè ọ́, torí ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń sọ ká tún pa rẹ́.

O mọ̀ pé èmi àti àbúrò mi, bàbá rẹ káfíńtà, kò bára wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti kan tábìlì ìránṣọ fún mi, tí mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú, tí òun ní tábìlì òun dúró ṣánṣán, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ló wọ́. Ènìyàn lè dárí ji ẹni tó sọ̀kò lù ú, àmọ́ ẹni tó bá bẹnu àtẹ́ lu iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó di gbére.

Nígbà tí o wá kó gbogbo ẹbí sójú kan nínú fóònù, tí o ní ká máa kí ara wa, mo bá òun náà níbẹ̀. Ṣé èmi ẹ̀gbọ́n ni n ó kọ́kọ́ kí i ni? Lọ́jọ́ kan tí oníbàárà kò sí, inú bí mi, mo tẹ àmì kékeré tó rí bí ọmọ odó yẹn, èyí tó ń gba ohùn sílẹ̀, mo sì tú gbogbo ohun tó wà nínú mi jáde. Mo ní olórí kunkun ni, mo ní ayùn rẹ̀ gbọ́n jù ú lọ. Ibi tí mo ti ń bú u ni ẹkún ti gbọ̀n mí, mo ní ṣé kò mọ̀ pé àwa méjèèjì nìkan ló kù tó mọ bí ìyá wa ṣe ń rẹ́rìn-ín ni. Ojú wá tì mí, mo ní kí n pa á rẹ́. Fóònù bi mí bóyá èmi nìkan ni kí òun pa á rẹ́ fún, àbí gbogbo ayé. Mo ní èmi nìkan, kí ló kan gbogbo ayé nínú ọ̀rọ̀ mi?

Ìyanu ló tẹ̀ lé e. Kò pẹ́ rárá tí àǹtí rẹ olùkọ́ fi pè, ó ní kí n ṣe sùúrù, ọmọ ìyá ẹni ò ṣeé tà. Àna wa awakọ̀ pè, ó ń béèrè ẹsẹ̀ tábìlì bí ẹni ń béèrè aláìsàn. Ìwọ náà pè, ẹ̀rín ò jẹ́ kí o sọ̀rọ̀, mo ní wọ́n ti fi kún owó oṣù rẹ nìyẹn. Mo sọ fún ìyá rẹ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ẹ̀jẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wo èmi, ó wo fóònù, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nírọ̀lẹ́, àbúrò mi wọlé tòun tayùn. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sì tètè dìde. Ó ní òun náà kò gbàgbé ẹ̀rín ìyá wa. Ó yà mí lẹ́nu, torí mi ò sọ ọ́ fún ẹnì kankan. Mo dì mọ́ ọn, a sunkún bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló rẹ́ díẹ̀ kúrò lára ẹsẹ̀ mẹ́ta yòókù, ó ní ilẹ̀ ló ṣì wọ́ ṣá.

Nítorí náà, o ṣeun tí o kó wa sínú fóònù. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra dátà, kí o sì fi ti oògùn orúnkún ìyá rẹ kún un, bó bá jẹ́ pé wọ́n fi kún owó oṣù náà lóòótọ́. Ọ̀rẹ́ tó ń gbọ́ tí kì í tú àṣírí, Ọlọ́run á fi ta ọ́ lọ́rẹ, bó ṣe fi fóònù ta mí lọ́rẹ. O ò ní ṣìnà, o ò ní ṣìwà hù.

Ohun kan ló kù. Tábìlì náà ṣì ń mì. Nítorí àlàáfíà, mi ò ní sọ ọ́ létí àbúrò mi láéláé. Fóònù nìkan ni mo sọ ọ́ fún láàárọ̀ yìí, mo sì ti pa á rẹ́ fún èmi nìkan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Aránṣọ.