Ìwé Tí Haneefah Ń Kà

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara mi le, mo ń jẹun dáadáa, Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti mọ́ mi lára. Ìyá tó ń kọ́ wa ní aṣọ rírán ní ọwọ́ mi ti ń tọ́.

Tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀ ní Sátidé, àwa tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ máa ń fi ìwé tí a ń kà lọ́wọ́ han ara wa. Lánàá, Fọláhànmí fi Haneefah ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìwé àlọ́ yìí náà láti oṣù tó kọjá? Àbí ò ń fi ṣe ìrọ̀rí ni?"

"Má rí i fín o! Bàbá mi ló rà á lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi."

Ó ṣí èèpo rẹ̀ hàn wá. Bàbá mi, bíírò aláwọ̀ ewé ni wọ́n fi kọ̀wé síbẹ̀: "Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọmọ yìí mọ̀wé ju bàbá rẹ̀ lọ." Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ kọ ọ́ sínú ìwé àlọ́ tèmi. Orúkọ yín wà nísàlẹ̀ ti Haneefah náà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ kọ ọ́. Oṣù mẹ́rin péré ni mo fi ju Haneefah lọ.

Mo ní ìwé náà dára. Ó ní Ọjọ́bọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni bàbá òun ń wá wò wọ́n láti Ọ̀yọ́ tiwa níbẹ̀.

N kò tíì sọ fún Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn fúnra yín, nítorí bí wọ́n bá bi mí, n kò ní lè purọ́.

Ẹ bá mi kí wọn. Haneefah ní kí n bá òun kí bàbá mi dáadáa.

Ọmọ yín,
Marufat