Ife Mẹ́ta Tó Wà Lẹ́bàá Síńkì

Màmá,

Ẹ má fi ife dígí mẹ́ta tó wà lẹ́bàá síńkì mu omi o. Bàbá ti tọ̀ sí wọn. Bàbá fúnra wọn ń sùn, ẹ má jí wọn.

Ìrora tí wọ́n máa ń ní tí wọ́n bá ń tọ̀ yẹn tún dé láàárọ̀, ni mo bá fipá mú wọn lọ sí ọsibítù. Kíndìnrín ló pa ẹ̀gbọ́n wọn, òun náà ni wọ́n ń bẹ̀rù. Nọ́ọ̀sì ní, "Bàbá, ẹ tọ̀ sí ife mẹ́ta: ti ìbẹ̀rẹ̀, ti àárín, ti ìparí." "Àtọ̀sí" ni Bàbá gbọ́! Wọ́n fò dìde: "Èmi, pẹ̀lú ewú orí mi yìí? Ìyá àwọn ọmọ mi nìkan ni mo mọ̀ o!" Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Inú bí wọn, wọ́n kọ ife ọsibítù, ni mo bá sáré wálé wá mú ife àlejò yín lọ fún wọn. Ẹ má bínú.

Ife méjì àkọ́kọ́ mọ́ kedere. Ìkẹta nìkan ló rú bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Nọ́ọ̀sì ní tó bá jẹ́ kíndìnrín ni, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ì bá rú. Ọrùn àpò ìtọ̀ ló wú, oògùn á sì wò ó. Bàbá kọjú sí ògiri, wọ́n sunkún. Ẹ má sọ pé mo sọ.

Oògùn wà lórí fíríìjì. Kí wọ́n jẹun kí wọ́n tó lò ó.

Kí Bàbá tó sùn, wọ́n ní kí n kọ èyí gàdàgbà kí n tó jáde: KÌ Í ṢE ÀTỌ̀SÍ.