Koríko Tó Di Sàréè Bàbá Wa Mú

Abúlé Òkè-Yanrìn,
Lọ́nà Ajah,
Èkó.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹjọ, ọdún 1982.

Dúró, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí Ọlákẹ́mi ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Ṣé òtútù Jọ́ọ̀sì kò mú yín jù? Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá yín lórí ìjókòó ire, kí ó má bá ẹnikẹ́ni nínú yín lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi náà wà níbí, mò ń mí. Ara Màmá le, bó bá jẹ́ ti ara ni. Jọ̀wọ́, wá ibi kan jókòó sí kí o tó ka ìyókù.

Òkun ti gbé sàréè Bàbá lọ. Mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi irú ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ sínú ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọmọdé ni ọ́ ní ọdún kejì òmìnira tí Bàbá wọ ọkọ̀ lọ dẹ àwọ̀n tí wọn kò padà wálé, nítorí náà jẹ́ kí n rán ọ létí. A wá wọn títí, a kò rí wọn. Nígbà tó yá, òkun gbé òkú kan wá sí etí ilẹ̀. Bàbá Kàsímù, àbúrò Bàbá, àti àwọn àgbà ọkùnrin lọ wò ó, wọ́n sì ní Bàbá ni. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa, ẹni tí omi bá pa kì í wọ abúlé mọ́. Ibi tí omi bá gbé e kalẹ̀ sí náà ni wọ́n ń sin ín sí, obìnrin kò sì gbọdọ̀ débẹ̀ títí wọn yóò fi bo ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sin ín sórí yanrìn, níbi tí ariwo ìgbì kì í ti í dákẹ́.

Màmá kò rówó símẹ́ńtì, símẹ́ńtì pàápàá kò sì lè dúró lórí yanrìn yẹn. Koríko etí òkun ni wọ́n fi bo ojú sàréè náà. O mọ koríko yẹn, òun ló máa ń gún wa lẹ́sẹ̀ bí a bá ń sáré lọ wẹ̀. Kì í hù sí ilẹ̀ dúdú ẹ̀yìnkùlé, kì í sì í hù sábẹ́ àgbọn tí òjìji bá ti pọ̀. Àárín ibi tí ìgbì ń kú sí àti ẹsẹ̀ igi àgbọn àkọ́kọ́, níbi tí iyọ̀ ti ń pa gbogbo ewéko yòókù, ibẹ̀ ni tirẹ̀. Ó ń rá kálẹ̀, gbogbo oríkèé rẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Ẹ̀ẹ̀rùn á sun ewé rẹ̀ di pupa, o ó ní ó ti kú, bí òjò kan bá sì ti rọ̀, ó tún yọ. Màmá gbìn ín ní oríkèé-oríkèé sórí sàréè náà títí ó fi bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń jókòó bá Bàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n á ròyìn ọjà, wọ́n á fi ẹjọ́ mi sùn, wọ́n á sì dákẹ́ díẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ èsì. Lọ́jọ́ tí ìwé iṣẹ́ réluwéè rẹ dé, Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ sọ fún kí wọ́n tó sọ fún èmi.

Ní ìdúnta ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàní bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti ìgboro. Bẹ́ẹ̀dì koríko ló ń ṣe, èyí tí wọ́n ń rà fún àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n ń sùn síléèwé. Ó ní koríko wa rọ̀ ju ti etí ọ̀sà lọ, ìdun kì í sì í fẹ́ràn rẹ̀ nítorí iyọ̀ inú rẹ̀. Gbogbo abúlé ló dìde. Ẹja kò sí, àwọ̀n ti gbó, ta ni yóò sì bá ebi jiyàn? Àdá ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń gé e, ìyẹn kò burú, nítorí bí a bá gé e lónìí, yóò tún yọ. Ṣùgbọ́n Àlàní tún dé, ó ní gbòǹgbò rẹ̀ gan-an ló ń jẹ́ kí bẹ́ẹ̀dì dùn ún sùn. Ni wọ́n bá gbé ọkọ́.

Màmá sáré jáde, wọ́n ké, ohùn wọn há. Wọ́n ní, “Ẹ gé e, ẹ má hú u! Òun ló di ilẹ̀ yìí mú!” Sìdíkàt, ìyàwó Bàbá Kàsímù, ló dá wọn lóhùn: “Ìyá Àṣàbí, torí koríko náà lẹ ṣe ń pariwo báyìí? Ṣé kòkó ni?” Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Kí n má purọ́, wọ́n bọ̀wọ̀ fún sàréè, wọn kò fi ọkọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kì í gbẹ́rù dórí. Gbogbo etí òkun ti di yanrìn lásán, àfi ìwọ̀nba koríko Màmá tó dá dúró láàárín rẹ̀.

Òjò ọdún yìí bínú. Láti oṣù kẹfà ni ìgbì ti ń bu ilẹ̀ jẹ, igi àgbọn mélòó kan ti ṣubú, òkun sì ń sún mọ́ sàréè. Màmá lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Kàsímù pé kí àwọn ọkùnrin hú egungun Bàbá, kí wọ́n sin ín sí ẹ̀yìnkùlé wa. Bàbá Kàsímù ní, “Ìyàwó wa, ẹni tí omi bá pa, ti omi ni. Bí a bá gbé e wọ abúlé, omi á wá a wá.” Inú bí mi débi pé mo fẹ́ bi wọ́n bóyá omi kò ti ń wá tẹ́lẹ̀, nígbà tó ti dé ẹ̀yìn ilé ìdáná wọn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni n ó kọ́ àgbà ní ọ̀rọ̀ sísọ, mo fa Màmá dìde, a wá sílé.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan láàárọ̀, èmi àti Màmá débẹ̀, a rí i pé ìdajì sàréè ti ya lọ. Gbòǹgbò koríko náà rọ̀ sílẹ̀ lára yanrìn tó ya, ó gùn ju ọwọ́ mi méjèèjì lọ, ó sì ti lọ́ mọ́ egungun. Bí kì í bá ṣe òun ni, a kì bá tí bá ohunkóhun níbẹ̀. Màmá tú aṣọ ìlékè wọn, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n ń já gbòǹgbò, wọ́n ń kó egungun sínú aṣọ. Mo ní, “Màmá, èèwọ̀ ni.” Wọ́n ní, “Bí omi bá ń wá a bọ̀, kó wá bá èmi.” Mo wọ inú yanrìn náà, mo bá wọn kó o. Ìgbì ń gbá wa lẹ́yìn, a kò dúró.

Nígbà tí wọ́n gbé agbárí, wọ́n fi ọwọ́ nù ún. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n wá na àtàǹpàkò, wọ́n fi tọ́ ẹnu rẹ̀ wò. Eyín rẹ̀ pé, Dúró. Gbogbo eyín iwájú ló wà níbẹ̀, funfun báláú. O kò lè rántí, ṣùgbọ́n èmi rántí: Bàbá kò ní eyín iwájú lókè. Àjẹ̀ ọkọ̀ ló gbá méjì dànù kí wọ́n tó fẹ́ Màmá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi ọwọ́ bo ẹnu bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín. Màmá kò sunkún. Wọ́n kàn wí jẹ́ẹ́jẹ́ pé, “Àṣàbí, ta nìyí?”

Èmi ni mo lọ bá Bàbá Kàsímù. Mo ti múra ìjà, mo sì sọ ọ̀rọ̀ eyín náà fún wọn, ṣùgbọ́n wọn kò bá mi jiyàn. Wọ́n ní ẹja ti jẹ ojú òkú náà, pé àwọn kò mọ ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní, “Ìyá rẹ ò jẹun, kò sùn, ó ń rìn kiri etí òkun pé kí á fún òun ní òkú ọkọ òun. Òkun gbé òkú kan wá. Kí lo fẹ́ ká ṣe?”

A sin àlejò náà sí ẹ̀yìn ilé wa, kò sẹ́ni tó tún jẹ́ dá Màmá lẹ́kun. Wọ́n ní obìnrin kan ń bẹ níbì kan tó ń retí ẹni yìí, pé ó dára bí àwọn ti bá a tọ́jú rẹ̀. Mo rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Kò parí síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, Màmá kò gbà mọ́ pé opó ni àwọn. Wọ́n ní ẹni tí a kò sin, kò tíì kú. Wọ́n ti dirun, wọ́n ń lé tìróò, wọ́n ń bu oúnjẹ Bàbá sọ́tọ̀, wọ́n á dé e. Wọ́n ní ìgbì máa ń gbé ọkọ̀ dé Kútọnu. Mo ní, “Màmá, bí ó bá tilẹ̀ wà láàyè, yóò ti darúgbó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Èmi náà ti darúgbó. A ó dá ara wa mọ̀.”

Dúró, wá sílé. Gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, kí o wá sọ fún wọn pé Bàbá ti kú, nítorí ìwọ ni wọ́n ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èmi kò lè sọ ọ́ mọ́. Lánàá, bí mo ṣe ń fọ abọ́, mo rí ọkọ̀ kan lókèèrè, mo sì gbé abọ́ sílẹ̀, mo dúró wò ó títí ó fi kọjá. Ọkàn mi bàjẹ́, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ rẹ, kó ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ilé kò ní lé ọ, ọ̀nà kò ní nà ọ́. A kò ní fi ojú sunkún ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Àṣàbí.

Mo tún rántí: bí o bá ń bọ̀, má ṣe gba etí òkun wá. Gba Ajah, kí o sì ránṣẹ́ ṣáájú kí n wá pàdé rẹ. O ti wá jọ Bàbá jù, Dúró, pàápàá ìrìn rẹ. Inú yanrìn ni Màmá máa ń jókòó sí láti àárọ̀, n kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ọ lókèèrè.