Ìka Tí Mo Ń Ká Kò

Bàbá mi,

Ẹ kú àtọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé òkú kì í fèsì, ṣùgbọ́n láyé yín náà, tí igi sínúkà bá ti wà lọ́wọ́ yín, ta ló ń rí èsì gbà lẹ́nu yín? Ó ti mọ́ mi lára láti máa bá yín sọ̀rọ̀ láìretí ìdáhùn. Màmá wà dáadáa. Orúnkún wọn ṣì ń dùn wọ́n tí òjò bá fẹ́ rọ̀. Wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó sórí àga yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, àfi ológbò, òun náà sì mọ ìgbà tó yẹ kó dìde.

Ó dá yín lójú nígbà náà pé bí àwọn sójà bá ti gbé ìjọba sílẹ̀, ilé iṣẹ́ aṣọ yín á ṣí padà. Alágbádá ti dé o, Bàbá. Géètì yẹn ṣì wà ní títì, ó ti dípẹtà, ìjọ kan sì ti ń ṣe ìsìn nínú ilé tí ẹ ń kó òwú sí. Tí mo bá ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mi, níbi tí a ti ń di bisikíìtì sínú páálí, òdìkejì títì ni mo máa ń wò. Fóònù alágbèéká ti pọ̀ ní Ìkẹjà báyìí. Àwọn èèyàn á gbé e sétí, wọ́n á máa pariwo láàárín ọjà bí ẹni tó ń bá ará ọ̀run sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín ì bá pa yín.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé yìí ni pé mo lọ kọ́ sínúkà lọ́dọ̀ olùkọ́.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń yọ ṣùtì sí mi. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọba lórí tábìlì sínúkà àwọn òṣìṣẹ́, tó jẹ́ pé nígbà tí ilé iṣẹ́ kógbá wọlé, tí wọ́n gbé tábìlì náà wá sábẹ́ àtíbàbà lẹ́bàá rélùwéè ní Agége, oyè yín bá a wá síbẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ olùkọ́ sínúkà létí yín, ìbéèrè kan náà lẹ máa ń bi í: "Ta ló kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?" Ẹ óò fi pàúdà pa ọwọ́ kí igi lè máa yọ̀ dáadáa, ẹ óò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ óò tẹ́ ọwọ́ òsì sórí tábìlì kí igi gba orí rẹ̀, bọ́ọ̀lù á sì wọ ihò bí ẹni pé ó ti ń wá ibẹ̀ tipẹ́.

Èmi á dúró létí tábìlì, àmì ọwọ́ yín ni mo máa ń wò. Tí ẹ bá gbé ọwọ́ òsì kúrò, pàúdà á fi àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ lórí aṣọ aláwọ̀ ewé yẹn: àtàǹpàkò, ìka tó tẹ̀ lé e, àlàfo, lẹ́yìn náà ìka tó kù. Bí mo bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé tí mi ò bá yín níbẹ̀, mo lè wo tábìlì kí n sọ ibi tí ẹ ti gbá bọ́ọ̀lù yín tó kẹ́yìn.

Ẹ̀rọ ìhunṣọ ló mú ìka àárín yẹn lọ kí wọ́n tó bí mi. Ẹ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ òsì ni, ọwọ́ tí a kì í fi gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, nítorí náà ó rọrùn fún yín láti tì í bọ àpò. Lọ́jọ́ Iléyá, apá agbádá lẹ máa ń jẹ́ kó wálẹ̀ bò ó. Orí tábìlì sínúkà nìkan lẹ ti máa ń tẹ́ ẹ síta kí gbogbo ayé rí i. Èmi ò sì kà á sí ọwọ́ tí nǹkan kù nínú rẹ̀. Ọwọ́ bàbá mi ni.

Ẹ rántí ohun tí ẹ sọ fún mi nígbà tí ẹ wà lórí àìsàn. Ẹ di ọwọ́ mi mú, ẹ ní, "Ìwọ lo máa gbé e kúrò lábẹ́ àtíbàbà yìí." Ó ń dùn yín pé kò sí ẹnikẹ́ni nílé wa tó gbá sínúkà kọjá ẹ̀bá rélùwéè. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé wọ́n fẹ́ yan àwọn obìnrin tí yóò ṣojú Ìpínlẹ̀ Èkó nínú sínúkà, pé òtẹ́ẹ̀lì kan ní GRA ni wọ́n ti máa ṣe é, ara mi ò balẹ̀ mọ́. Mo máa ń gbá gbogbo bọ́ọ̀lù wọlé, Bàbá, àfi dúdú, èyí tó ń parí eré. Dúdú á dé ẹnu ihò, á yà bàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tọ Kóòṣì Ràájí lọ, tó ń kọ́ èèyàn nínú gbọ̀ngàn kan ní Ìfàkọ̀.

Fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù. Ìgò mínírà òfìfo ló dá dùbúlẹ̀ sórí tábìlì, ó ní kí n máa ti igi wọ ẹnu rẹ̀, kí n máa fà á jáde, kí igi má kan ìgò. Mo rò pé ó ń fi mí ṣeré ni. Lọ́jọ́ kan ni igi ń kan ẹnu ìgò ṣáá, tí Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ tó ń wo ọwọ́ òsì mi.

"Sístà, kí ló ṣe ìka yẹn?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn. Bí bàbá mi ṣe ń gbé e nìyẹn."

Ó yíjú sí mi. "Kí ló ṣe ìka bàbá ẹ?"

Mo wo ọwọ́ mi lórí tábìlì. Ìka àárín mi, tó pé pérépéré, tí ẹ̀rọ kankan ò fọwọ́ kàn rí, ó ká kò sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ bí ọmọ tó sá pamọ́. Láti kékeré ni mo ti ń ká a, mi ò sì mọ̀. Òun ló ń mi igi. Òun ló ń lé dúdú kúrò lẹ́nu ihò. Mo jáde lọ sẹ́yìn jẹnẹrétọ̀, mo sì sunkún tí mi ò lè sun lọ́jọ́ tí a sin yín, nítorí èrò pọ̀ lọ́jọ́ yẹn, ó sì di dandan kí ẹnì kan bomi fún wọn.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ pé ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni. Àṣé ohun tí olùkọ́ wà fún nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin náà kọ́ mi, Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ lérí pé a kì í kọ́ ọ. Ẹ kàn kọ́ mi láìlanu ni.

Mo bi Màmá bóyá ẹ mọ̀ pé mo ń ká ìka náà. Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ bí wọ́n ṣe ń dáhùn. "Bàbá ẹ rí i. Ó ní kí n má sọ fún ẹ."

Kí ló dé, Bàbá? Ṣé ojú ń tì yín ni? Àbí inú yín dùn pé ẹnì kan láyé yìí rí ọwọ́ yẹn tó sì fẹ́ irú rẹ̀? Ẹ mọ̀ pé á máa dí mi lọ́wọ́. Ẹ mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Mo bínú sí yín fún ọjọ́ díẹ̀, mo ń bínú sí òkú, ó sì rẹ̀ mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka náà. Ó le ju kí n fi ọwọ́ òsì kọ̀wé lọ. Bọ́ọ̀lù tí ọmọdé lè gbá wọlé ń bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ó dà bíi pé mò ń sin yín lẹ́ẹ̀kejì, lọ́tẹ̀ yìí èmi nìkan ni mo sì di ṣọ́bìrì mú. Mo sọ fún Kóòṣì pé mi ò ṣe mọ́. Ó ń fi ṣọ́ọ̀kì pa ẹnu igi, kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"Bàbá ẹ ò ní èyí tó máa nà ni. Ìwọ ní in."

Mo padà sídìí ìgò.

Lọ́jọ́ GRA, iná ò lọ rárá, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́, àwọn èèyàn wọ bàtà tó ń dán. Mo bá obìnrin kan fà á títí ó fi ku bọ́ọ̀lù dúdú nìkan, èmi ni gbígbá sì kàn. Mo fi pàúdà pa ọwọ́. Mo tẹ́ ẹ sórí aṣọ. Ìka yẹn fẹ́ ká, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má ká. Dúdú lọ tààrà, ó wọlé. Wọ́n pariwo, Kóòṣì gbá mi mọ́ra. Wọ́n ti yàn mí, Bàbá. A ti kúrò lábẹ́ àtíbàbà.

Ìgbà náà ni mo wo tábìlì. Àmì ọwọ́ mi wà níbẹ̀, ó funfun, ìka pé síbẹ̀, kò sí àlàfo. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa wo orí tábìlì tí mi ò rí yín níbẹ̀.

Ọkùnrin tó máa gbá aṣọ náà mọ́ ti ń bọ̀ tòun ti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo sáré fi pàúdà pa ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ká ìka yẹn kò, mo sì tẹ ọwọ́ náà mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ọwọ́ méjì ló wà níbẹ̀, tèmi àti tiyín. Mo bẹ ọkùnrin náà kó jọ̀ọ́ ní sùúrù díẹ̀. Ó dúró, ó wo ojú mi. Lẹ́yìn náà ó gbá a mọ́.

Ẹ sùn re, Bàbá.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ kọ́ láìlanu.