Ẹ Bi Wọ́n, Kí Ẹ sì Dákẹ́

Bàbá mi,

Ẹ kú ìdúró lórí pèpéle. Mo ti wo fídíò tí wọ́n ti ń pàtẹ́wọ́ fún yín. Ọ̀gá ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì ti wá di olùkọ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tí ayé sú! Ẹ ní, "Ẹ bi ọmọ yín bóyá ó ń ro ikú, kí ẹ sì dákẹ́ títí á fi dáhùn." Ẹ tún ní bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń bi èmi ní gbogbo Sọ́ńdè.

Èmi wo? Ìbéèrè yín kò ju ẹyọ kan lọ: "Ṣé kò sẹ́jọ́?" Kí n tó la ẹnu, ẹ ti pa fóònù bí ìgbà tẹ́ ẹ bá pa fáìlì dé. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, bàbá. Ibo lẹ ti kó tiyín? Ẹ yé fi mí ṣe àpẹẹrẹ.

Ara mi le. Oúnjẹ ń dé lásìkò, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni bẹ́ẹ̀dì mi wà. Ẹ bá mi kí màmá mi, ẹ ní ẹ̀rín ni mò ń rín.

Nọ́ọ̀sì tó jókòó tì mí náà kí yín. Ó bi mí lánàá, ó sì dákẹ́ títí mo fi dáhùn.