Iná tí Wọ́n Tàn sí Ojú Ìyá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ara tèmi le, àfi orúnkún tó máa ń pariwo bí mo bá dìde, òun náà sì ti di ará ilé. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o rí ohun tí yóò mú ọ sunkún. Kó o tó bi mí, ara ìyá rẹ ń yá. Jókòó kó o tó ka ìyókù, ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ṣó o rántí orí fífọ́ tó máa ń bá ìyá rẹ jí láàárọ̀? A rò pé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló fà á, torí ó ní òun ń gbọ́ ohun kan tó ń hó nínú etí òun. Bó bá bẹ̀rẹ̀ mú àlùmọ́gàjí nílẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣú, á tún là. Ìgbà tó wá rán ṣòkòtò fún káfíńtà àdúgbò wa, tó rán ẹnu àpò méjèèjì pa, tí káfíńtà ń wá ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀, mo ní ọ̀rọ̀ ti di ti awò ojú.

Mo mú un lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú tó máa ń wá sí ilé ìwòsàn kékeré wa lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fojú-sókè là ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ máa ń tẹnu rẹ̀ jáde nìyẹn, kódà bó o bá kí i lójú ọ̀nà. Ó ti fèrèsé, ó tan iná kékeré kan, ó sún mọ́ ìyá rẹ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wúkọ́. Ó wo ojú ọ̀tún, ó wo tòsì, ó tún padà sí ọ̀tún, àwàdà tó ń ṣe tẹ́lẹ̀ sì dáwọ́ dúró. Ó ní èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ awò o, pé iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ti wú lẹ́yìn ojú méjèèjì, pé ohun kan ló ń tì í láti inú agbárí, kí a máa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi í báwo ló ṣe mọ ohun tó wà nínú agbárí tí kò là. Ó ní ojú ni fèrèsé orí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí bí inú ṣe rí.

Ibẹ̀ ni àyà mi já. Torí ó ní kí èmi náà wá jókòó, níwọ̀n ìgbà tí mo ti wá. Mo rí iná yẹn tó ń bọ̀, mo sì rántí ohun tó wà nínú orí tèmi, ìyẹn ọ̀rọ̀ tó o fi ránṣẹ́ sórí fóònù lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, pé kí ìyá rẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ kí wọ́n yẹ orí náà wò. Mi ò kà á fún un. Mo fi aṣọ wé fóònù, mo tì í mọ́ inú àpótí, mo ní bí a ò bá dáhùn, ọ̀rọ̀ náà á padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín, bíi lẹ́tà tí wọn ò rí ẹni gbà á. Nígbà tó o sì ń pè látinú àpótí yẹn, tí mo ní ìyá rẹ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà, ó wà nílé. Mo ní ó sàn kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ ju kí Fojú-sókè kà á síta. Mo pariwo, mo jẹ́wọ́ lójú ìyá rẹ, lójú nọ́ọ̀sì, lójú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Fojú-sókè pa iná rẹ̀, ó ní òun kì í rí èrò, iṣan nìkan lòun ń rí. Ó ti pẹ́ jù. Ṣùgbọ́n bó ṣe pa iná yẹn, mi ò tíì dé orí ìdí tí mo fi ṣe é, mo bá dákẹ́ síbẹ̀.

Ìyá rẹ kọ ẹ̀yìn sí mi nínú ọkọ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn ńlá. Wọ́n kán oògùn sí i lójú, wọ́n ní yóò ṣí ọmọlójú sílẹ̀. Mo bi wọ́n ìgbà wo ni wọ́n máa tì í, wọ́n ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ á tì fúnra rẹ̀. Ṣó o rí i, ẹnu ọ̀nà orí ìyá rẹ ṣí sílẹ̀ gbayawu, eruku sì pọ̀ nínú ọgbà yẹn. Mo ṣí agboòrùn, mo ń rìn níwájú rẹ̀, mo ń fi fìlà lé eṣinṣin. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ya àwòrán ẹ̀yìn ojú. Mo ní kí wọ́n dúró ná, mo de bọ́tìnnì mi, mo lọ dúró lẹ́yìn àga rẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwòrán jáde, mi ò sí níbẹ̀. Ohun pupa kan ni, tó ní àmì róbótó kan nínú, tí etí rẹ̀ fọ́n ká bí yíǹkì tó kán sórí ìwé tútù. Mo ní èyí ò jọ ìyá rẹ rárá. Ìgbà yẹn ló bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n tì í sínú ẹ̀rọ kan tó rí bí ààrò búrẹ́dì, wọ́n yẹ orí rẹ̀ wò. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, wọn ò bá kókó kankan níbẹ̀. Omi tó yí ọpọlọ ká ló pọ̀ jù. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ jáde níbi eegun ẹ̀yìn, mo sì sọ fún dókítà pé orí ló ń dùn ún, kì í ṣe ìbàdí, ó ní omi kan náà ni. Wọ́n fún un ní oògùn tó ń jẹ́ kó máa tọ̀ ṣáá. Dókítà wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ká ní a fi oṣù kan sí i ni, ó ṣeé ṣe kí ojú náà má là mọ́. Ọmọ mi, mo lọ sẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn, mo sunkún, torí ọwọ́ ara mi ni ǹ bá fi fọ́ ojú ìyá rẹ.

Ibi tó kàn yìí, mo ń kọ ọ́ wẹ́wẹ́ kí ìyá rẹ má baà rí i kà. Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bó bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, tó rí àwọn ọmọ, kò ní fẹ́ padà, ilé á wá ku èmi àti ẹ̀rọ ìránṣọ. Ẹ̀rọ ìránṣọ ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá mi jà. Dárí jì mí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n tún ya àwòrán náà, etí àmì yẹn ti ń hàn kedere, orí ò sì fọ́ ìyá rẹ mọ́ láàárọ̀. Káfíńtà bá mi ṣe férémù, mo kọ́ àwòrán méjèèjì sí pálọ̀, ṣùgbọ́n káfíńtà ṣì ń bi mí ibi tí imú wà. Wọ́n ní kí ìyá rẹ wá ṣe àyẹ̀wò tó kàn lọ́dọ̀ àwọn dókítà ìlú yín. Jọ̀ọ́, fi owó ọkọ̀ ẹni kan ránṣẹ́. Èmi á máa ṣọ́ ilé.

Ojú rẹ ò ní ṣókùnkùn. Orí rẹ ò ní gbé ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ. Ire tó ò ń wò lókèèrè, yóò wá bá ọ nílé.

Èmi ni bàbá rẹ.

Mo ti ń ká lẹ́tà yìí kí ìyá rẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kà á látòkè délẹ̀ láìwọ awò, títí kan ibi tí mo kọ wẹ́wẹ́. Ẹsẹ̀ mi ni mò ń wò. Ó ní mo mà gọ̀ o, ta ló sọ fún mi pé òun máa fi mí sílẹ̀ kí n máa fi iná jó ilé. Ó gba bírò, ó fa ìlà sórí ẹni kan tí mo kọ síbi owó ọkọ̀, ó kọ ẹni méjì sókè rẹ̀. Wò ó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ nìyẹn.