Mo Fẹ́ Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Ìkómọ, Wọ́n Ní Kí N Mú Ọjọ́ Wá

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àìrí wa. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì yàrá mi ní Harpurhey, ní ìlú òyìnbó níbí, orúnkún sì ti ń dùn mí nítorí òtútù. Mo kí Bàbá wa, mo mọ̀ pé wọ́n á ti gbé àga sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú rédíò wọn. Mo kí Ṣeun àbúrò mi, kó má jẹ́ kí gáàsì tán mọ́ yín lọ́wọ́ o. Mo kí Ìyá Ṣadé aládùúgbò wa, torí àwọn ni wọ́n máa ń ka ìwé ìròyìn sí yín létí, inú ìwé ìròyìn náà ni mo sì ní kí àwọn oníwèé ìròyìn bá mi gbé lẹ́tà yìí sí. Ìyá Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ kà á tán kí ẹ tó sọ nǹkan kan.

Ẹ óò máa wò ó pé kí ló dé tí mi ò kàn pè. Mo pè, Màmá. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè, àdúrà lẹ máa ń kọ́kọ́ gbà fún mi pé mo bá yín gbé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, Àǹtí Bùkọ́lá, jáde, èmi náà á sì máa ṣe àmín. Fídíò ìkómọ náà ti wà lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé lóṣù yìí. Kí ẹ tó wò ó, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Mi ò sí nínú rẹ̀. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ̀ tí wọn ò fún yín ní físà, ẹ pè mí. Ẹ ní ọdún mọ́kànlá gbáko ni ẹ̀gbọ́n mi fi wá ọmọ yìí, pé kò gbọdọ̀ jẹ́ pé àjèjì ni yóò kọ́kọ́ pọ̀n ọ́n. Ẹ fi ọ̀já tí ẹ fi pọn gbogbo wa rán ẹnì kan sí mi. Ẹ ní èmi ni Màmá lọ́jọ́ náà, ní London níbi tí Àǹtí Bùkọ́lá ń gbé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọkọ̀ ojú irin ìlú yìí fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yé èmi gan-an. Inú ọkọ̀ kan náà, orí ìjókòó kan náà, owó tí èmi san lè jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ohun tí ẹni tó jókòó tì mí san. Ẹni tó bá mọ ọjọ́ tó fẹ́ rin ìrìn àjò, tó sì tètè rà á, ló máa ń rí i rà ní ẹ̀dínwó. Linda, òyìnbó tí a jọ ń tọ́jú àwọn arúgbó níbi iṣẹ́, ló sọ fún mi pé àwọn kan wà tí wọn ò ní iṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa bá èèyàn ṣọ́ owó tíkẹ́ẹ̀tì. Tí ó bá ti wálẹ̀, wọ́n á fi àláàtì ránṣẹ́ sí ọ. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún yín pé àláàtì ni mò ń retí, ẹ ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ẹ rò pé owó ló fẹ́ wọ báńkì mi. Ó pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì ká mi lára.

Èwo ni kí n wá mú nínú wọn? Ti Linda, inú íméèlì ló ń wá, ọ̀fẹ́ sì ni, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ń sọ̀rọ̀, lọ́jọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì bá kọ́kọ́ jáde. Bùrọ̀dá Túndé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní kí n má dá Linda lóhùn, pé áàpù orí fóònù ló dára, nítorí pé ó máa ń ṣọ́ ọ tọ̀sán tòru. Èyí tí mo fúnra mi rí ní tirẹ̀ ń gba owó lóṣooṣù, àmọ́ ó ní òun á máa sọ fún mi bóyá kí n rà á tàbí kí n dúró. Èyí wù mí jù, torí ẹni tó máa sọ ohun tí màá ṣe fún mi gan-an ni mò ń wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń gbé wọn yẹ̀ wò. Lẹ́yìn ìsìn, Bùrọ̀dá Túndé fi bírò ya ilà sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn, ó to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀ fún mi, nígbà tí mo sì máa fi délé, mi ò mọ ọwọ́ ọ̀tún mọ́ tòsì mọ́.

Èyí tó wá dàrú jù ni pé ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: ọjọ́ wo lo fẹ́ lọ? Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ọmọ kò tíì dé. Mo ṣàlàyé fún Linda pé ọjọ́ tí ọmọ bá dé ni a ó fi ka ọjọ́ kẹjọ. Ó ní kí ló dé tí a ò kàn mú ọjọ́ Sátidé kan tó rọ gbogbo èèyàn lọ́rùn, bóyá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Mo ní àwa kọ́ la máa ń mú ọjọ́, ọmọ ló máa ń mú un. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní kí ọmọ náà yáa lọ forúkọ sílẹ̀ fún àláàtì tirẹ̀.

Ni mo bá gba áàpù Bùrọ̀dá Túndé, torí òun nìkan ló gbà kí n to ọjọ́ púpọ̀, mo sì fi gbogbo ọjọ́ tó lè bọ́ sí síbẹ̀, ọjọ́ mọ́kànlélógún. Màmá, fóònù mi kò dákẹ́ mọ́. Owó ọjọ́ kan á gòkè, ti òmíràn á já wálẹ̀. Bàbá arúgbó kan wà tí mò ń tọ́jú, tó ti gbàgbé orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Ìgbàkígbà tí fóònù bá dún, á ní kí n gbé kóòtù òun wá, pé ọkọ̀ ti fẹ́ gbéra. Mo máa ń wọ̀ ọ́ fún un, a sì máa ń jókòó.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọmọ wá dé, obìnrin. Mo sunkún níbi iṣẹ́, Linda náà sunkún. Fóònù tún ń dún, ni mo bá gbé e fún Linda pé kó bá mi pa gbogbo àláàtì yòókù rẹ́, kó fi ti ọjọ́ kẹjọ nìkan sílẹ̀. Linda ka ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì pa ìyókù rẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e sápò.

Lọ́jọ́ kejì, àláàtì dé pé owó ti wálẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ọjà Kútọ̀ pé tí wọ́n bá dá iye lé ọjà, kí n yí ẹ̀yìn padà kí n máa lọ, pé ẹni tó ń tajà á pè mí padà. Mo pa fóònù, mo yí ẹ̀yìn padà. Ẹnikẹ́ni kò pè mí. Nígbà tó máa fi di alẹ́, owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ẹ̀rù bà mí gidi gan-an. Nígbà tó tún rọra wálẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, ńṣe ni mo já a gbà, mi ò wo apá ọ̀tún, mi ò wo apá òsì.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni Bọ̀dá Fẹ́mi, ọkọ Àǹtí Bùkọ́lá, pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ ìgbà tí ọkọ̀ mi máa wọlé, torí aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìkómọ. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì. Ọjọ́rú ló wà lára rẹ̀. Linda bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ọjọ́ kejì tí a bí ọmọ, bí àwọn ṣe ń ka tiwọn. Àwa máa ń ka ọjọ́ ìbí mọ́ ọn. Ta ni kí n dá lẹ́bi? Linda kò mọ̀. Èmi tí mo mọ̀ ni mi ò wò ó.

Mo sáré lọ sí ibùdókọ̀ nínú òjò. Iye tí ọkùnrin inú káńtà dárúkọ fún ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ yẹn àti ti àárọ̀ ọjọ́ kejì ju owó iṣẹ́ mi fún ọ̀sẹ̀ kan lọ, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ san owó ilé láàárọ̀ náà ni. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí London ti kún. Ó yẹ kí n sọ fún Bọ̀dá Fẹ́mi, wọn ì bá rà á fún mi. Ojú ló tì mí. Mo padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, mo wọ ìró àti bùbá mi, mo wé gèlè, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú ọ̀já yín lórí itan. Orí fóònù ni mo ti pe ọmọ náà ní Àṣàkẹ́, orúkọ tí ẹ fi rán mi, mo sì gbọ́ tí gbogbo ilé ṣe àmín. Lẹ́yìn náà, wọ́n pa fóònù. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí. Nígbà tí ẹ pè mí lálẹ́, tí ẹ bi mí bóyá mo gbé e dáadáa, mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Mo lọ ní Ọjọ́rú, torí tíkẹ́ẹ̀tì náà kò ṣe é dá padà. Nígbà tí mo débẹ̀, àwọn èrò ti lọ tán. Ìkòkò kún inú síǹkì, ọmọ ń ké, Bọ̀dá Fẹ́mi ti lọ síbi iṣẹ́, Àǹtí Bùkọ́lá sì jókòó sílẹ̀ nínú kíṣìnì, omijé ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní lánàá, ilé kún débi pé kò síbi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ sí, gbogbo èèyàn ló sì fẹ́ gbé ọmọ, àmọ́ òní gan-an ni àwọn ń wá Màmá. Mo bọ́ kóòtù mi. Mo po omi gbígbóná, mo wẹ ọmọ bí mo ṣe rí i tí ẹ ń wẹ ọmọ Ìyá Ṣadé. Àǹtí Bùkọ́lá ràn mí lọ́wọ́, a gbé e sẹ́yìn mi, mo sì fi ọ̀já yín gbà á. Ó sùn. Ẹ̀gbọ́n mi náà sùn, mo sì fọ ìkòkò tán kí wọ́n tó jí.

Nínú fídíò, ẹ máa rí ìyá kan tó wé gèlè àlùkò, tó gbé ọmọ dání. Ìyàwó pásítọ̀ wọn ni. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa, ẹ ò ní rí ọmọ níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pọn Àṣàkẹ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni mo jẹ́ tàbí mi ò jẹ́ ẹ. Mo ti rò ó títí, orí mi ò gbé e mọ́.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí, Màmá, ẹ óò fi ojú ara yín rí Àṣàkẹ́, ẹ óò sì fi ẹ̀yìn ara yín pọ̀n ọ́n. Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ bá mi kí Ṣeun, ẹ kí gbogbo ará ilé àti ará ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti pa áàpù yẹn rẹ́ kúrò lórí fóònù mi. Tí ẹ bá ti dárí jì mí, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ ní kí Ṣeun fláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò ní gbé e. Àláàtì yẹn nìkan ni mò ń retí báyìí.

Èmi ni ọmọ yín tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀,
Fúnmiláyọ̀